Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Amòye Èbúté

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi bẹ àwọn ará èbúté Ẹ̀pẹ́. Mi ò jẹ wọ́n lówó, mi ò gba ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú wọn, mi ò sì bá wọn du oyè. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni mo ní, òun ni mo so mọ́ ìdí ọkọ̀ mi, òun ni mo fi ń gbé àwọn ẹlẹ́ja láti àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà wá sí ọjà Olúwo. Yamaha 40 ni, túú-sítíróòkì, ó ti sin ọ̀gá mìíràn kó tó dọ́wọ́ mi. Ohun tí mò ń wá kò ju ọ́ìlì tí màá pò mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ lọ. Ọ́ìlì lásán! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo la ẹnu béèrè ni gbogbo èèyàn etí omi di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí èbúté mọ ọ́ìlì tó yẹ mí. Ọmọ tó ń gbé ẹrù mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà tí kò mọ omi í wẹ̀, bó bá ti wọ ọkọ̀ báyìí, yóò di etí ọkọ̀ mú gírígírí, yóò dijú, yóò máa gbàdúrà títí a ó fi gúnlẹ̀. Òun gan-an, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, yóò yíjú padà, yóò ní, "Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, ọ́ìlì yín yẹn ò dáa o." Ẹ gbọ́ ná, ìgbà wo lẹ rí i? Ṣebí ẹ dijú ni?

Ká ní ẹ́ńjìnnì tuntun ni, wọn ò ní yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wá sí èbúté, "Ẹ kú oríire" ni wọ́n ń kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àgbà ẹ́ńjìnnì, gbogbo ayé ló gbà pé ọpọlọ òun náà ti gbó. Wọ́n gbàgbé pé arúgbó ṣoge rí, àkísà náà lògbà rí. Àwọn kan nínú àwọn fọ́ọ̀-sítíróòkì tuntun tí wọ́n fi ń yangàn yẹn, bí kọ̀ǹpútà inú wọn bá dákẹ́ láàárín ọ̀sà, àgbà ẹ́ńjìnnì yìí náà ni wọ́n ń juwọ́ sí pé kó wá fa àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó mú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí le, kí ẹnì kan má baà ní mo kàn ń ráhùn. Fọ́ọ̀-sítíróòkì, títí kan èyí tó wà nínú mọ́tò, ní ibi tí ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé lábẹ́. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń yí ká, bó bá ṣe díẹ̀, a ó dà á nù, a ó rọ òmíràn. Túú-sítíróòkì ò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Inú bẹntiróòlù ni ọ́ìlì ti ń bá a wọlé. Yóò gba àárín àwọn bíárì àti ọ̀pá tó ń yí kọjá, yóò ra ẹ̀gbẹ́ písítìn, yóò wá bọ́ síbi tí iná ti ń jó, òun àti epo yóò jọ jóná, wọn yóò sì di èéfín tó ń jáde sínú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kọjá. Iṣẹ́ méjì tí kò bára mu la gbé lé e lọ́wọ́: kó dáàbò bo irin, kó sì jó tán pátápátá láìfi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta nínú wa ni wọ́n gbà síṣẹ́ ọdẹ rí, tí wọ́n ní bó bá ti ṣọ́lé tán, kó fi ara rẹ̀ dáná?

Ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́ ni Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó wa ọkọ̀ lọ ra áísìkírìmù fún Bess, ọmọge tó ń fẹ́. Kó tó wa ọkọ̀ padà, áísìkírìmù ti yọ́. Inú bí ọkùnrin yìí, ó ní òun yóò ṣe ẹ́ńjìnnì tí èèyàn lè gbé kọ́ ìdí ọkọ̀. Ní 1909, ó ti ń tà á. Ó fẹ́ Bess, ó lówó, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ẹ́ńjìnnì títí di 2020, nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà gbẹ̀yìn pa ṣíṣe é tì. Áísìkírìmù tirẹ̀ yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di olókìkí. Owó tèmi ń yọ́ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó fi orúkọ mi pe nǹkan kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n máa ka àwọn tó ṣẹ̀ mí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tó gbà pé ọ́ìlì ni gbogbo ọ́ìlì ń jẹ́. Awakọ̀ èrò kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn. Ó ní kí n ra ọ́ìlì mọ́tò, SAE 40, kí n rọ ọ́ sí epo, ó parí. Ó ní òun lòun fi wa mọ́tò láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde títí irun orí òun fi funfun.

Mo ní, "Bàbá, mọ́tò kì í jó ọ́ìlì rẹ̀."

Ó ní, "Tèmi ń jó o dáadáa!"

Kí lèèyàn fẹ́ fèsì sí ìyẹn? Ọ́ìlì mọ́tò ní àwọn èròjà tó tan mọ́ irin nínú, zinc àti calcium wà lára wọn. Wọ́n fi wọ́n sí i kó lè pẹ́ nínú fọ́ọ̀-sítíróòkì, kì í ṣe kó lè jóná. Bí a bá sọ ọ́ di dandan pé kó jó, eérú àti èédú ni yóò kó sí orí písítìn. Púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, yóò kọ̀ láti ṣáná. Àwọn òrùka písítìn yóò lẹ̀ mọ́ àyè wọn, agbára yóò sá lọ. Èrò tó bá wà nínú ọkọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mo mọ iṣẹ́ mi.

Àwọn kejì ni àwọn ọlọ́jẹnẹrétọ̀ kékeré, ìyẹn I-better-pass-my-neighbour tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀. Àwọn yìí ò parọ́ tán, ohun tó jẹ́ kí tiwọn burú nìyẹn. Túú-sítíróòkì ni jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún lóòótọ́, òun náà ń mu epo àti ọ́ìlì pọ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú un tutù, ó sì máa ń gbóná janjan. Nítorí náà ni ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ JASO FB, FC tàbí FD sí lára, fi máa ń ní ìwọ̀nba èròjà onírin tó ń fọ ìdọ̀tí nínú ooru bẹ́ẹ̀. Tèmi ńkọ́? Omi ọ̀sà ló ń fà wọlé, tó fi ń tu ara rẹ̀ lára, tó sì ń tọ̀ ọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í gbóná tó jẹnẹrétọ̀. Bí ọ́ìlì ẹléérú bá wọ inú rẹ̀, eérú náà kò ní rí ọ̀nà lọ, yóò lẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, yóò máa pọ́n kúkú, epo yóò wá máa gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná fún un. Písítìn tó bá bọ́ sínú irú ìyẹn, kò ní pẹ́ lu.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n èmi, tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá lò ó."

Àwọn kẹta, màá fẹ́ kí ọlọ́pàá wà nítòsí kí n tó dá wọn lóhùn. Àwọn ló ní kí n lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò, kí n gba ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n tú jáde lábẹ́ ọkọ̀, kí n fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí n lò ó. Mo béèrè ìdí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó ṣáà ṣì ń yọ̀." Ó ń yọ̀! Ilá náà ń yọ̀! Ewédú náà ń yọ̀! Ṣé kí n rọ gbẹ̀gìrì tẹ̀ lé e ni, ká wá àmàlà sí i?

Mo sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Mo ní ó kéré tán, òun ń fi í jẹun. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé pupa ni àbí búlúù?" Mo ní irú wo ni pupa? Ó ní pupa lágbára. Búlúù ńkọ́? Ó ní búlúù mọ́ jù. Aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní ti àwọn tó ń sáré nìyẹn. Mo ní èwo wá ni ti arúgbó tó ń rọra lọ? Ó ní ìyẹn wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin ará, aró ni wọ́n fi sí i! Torí kí a lè wo epo inú kẹ́ẹ̀gì, kí a mọ èyí tí wọ́n ti pò àti èyí tí wọn ò tíì pò, ni àwọ̀ fi wà níbẹ̀. Àwọ̀ kò sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan èyí tó wù ú. Ọkùnrin yìí tún gbé òmíràn jáde nínú ìgò omi oníke, kò ní àkọlé, kò ní èdìdì, ó ní, "Ojúlówó rèé, inú dúrọ́ọ̀mù la ti bù ú." Inú dúrọ́ọ̀mù wo? Ta ló ni dúrọ́ọ̀mù? Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ní mo ti ń béèrè ìbéèrè jù fún ẹni tó fẹ́ ra lítà kan.

Ohun tó yẹ kí ẹnì kan nínú gbogbo wọn ti sọ fún mi, kí oníkálukú sì máa lọ sílé rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ: wá TC-W3 lára ìgò. Ọ́ìlì túú-sítíróòkì tí omi ń mú tutù nìyẹn. NMMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ló ni òṣùwọ̀n náà. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ọ́ìlì òun, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ́ńjìnnì, bó bá yege ni wọn yóò fún un ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda. Kò ní èròjà onírin tó ń di eérú. Ìgò tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára, tí èdìdì rẹ̀ sì pé, ohun tí mò ń wá nìyẹn, ì báà pupa, ì báà dúdú bí ọkàn ẹni tó ń ta ti inú dúrọ́ọ̀mù.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Àgbà apẹja kan tó ti ń fetí sí wa láti òkèèrè bá gbé àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyẹn wà fún ẹ́ńjìnnì ayé òde òní. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọ́ìlì àtijọ́ ló ń bá a lára mu."

Bàbá, ẹ ṣeun. Ibo ni kí n ti rí ọ́ìlì àtijọ́? Ṣé kí n lọ hú u nílẹ̀ ni? TC-W àti TC-WII tó ṣáájú ti kógbá wọlé, TC-W3 ló jogún iṣẹ́ wọn, fún àgbà ẹ́ńjìnnì àti ọmọdé. Ohun tí ọjọ́ orí ń yí padà ni ìwọ̀n tí a ó fi pò ó.

Ìwọ̀n! Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi ná.

Ìwé ìlò ẹ́ńjìnnì mi ní 50:1. Àádọ́ta lítà bẹntiróòlù, lítà ọ́ìlì kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì lítà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò oníke tó jẹ́ 50cl, tí a bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, òṣùwọ̀n rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ní èbúté wa, ẹnì kan ń fi agolo mílíìkì wọ̀n, ẹlòmíràn ń fi ìdérí kẹ́ẹ̀gì wọ̀n. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ojú ló fi ń wọ̀n, yóò di ojú kan, yóò máa da ọ́ìlì lọ títí ẹ̀mí yóò fi sọ fún un pé ó tó. Ọmọ iṣẹ́ mi ní tirẹ̀ máa ń rọ bẹntiróòlù kún dé ọrùn kẹ́ẹ̀gì kó tó rántí ọ́ìlì. Mo ti sọ ọ́ títí: bu epo díẹ̀, da ọ́ìlì sí i, mì í, kí o tó rọ èyí tó kù. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ má ṣèyọnu, ìgbì omi á mì í fún wa."

Bí mo bá dárúkọ 50:1, ogun dé. Àwọn kan ní ọ́ìlì ò lè pọ̀ jù, pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ nílò ìlọ́po méjì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960, 24:1 ni wọ́n ń béèrè, nítorí irú bíárì tó wà nínú wọn, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní lítà kan fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Títí dòní, bí ìwé bá ti wí ni kí ẹni tó ní irú wọn ṣe. Bákan náà, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi písítìn tuntun sí irú tèmi, 25:1 la kọ́kọ́ ń fi sin ín fún wákàtí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé ní kó fi 50:1 ṣe, tó wá rọ ìlọ́po méjì, èéfín ni yóò máa fi lé ẹja lójú omi, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yóò tutù rìnrìn, èédú yóò sì kó jọ sínú. Ó tún fi ọ́ìlì gba àyè epo, kẹ́ẹ̀gì yóò sì tètè gbẹ.

Àwọn ahun wà ní òdìkejì. Wọ́n ní 100:1 tó. Àwọn náà ní ẹlẹ́rìí. Nínú àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣe Johnson àti Evinrude sọ pé 100:1 tó fún àwọn ẹ́ńjìnnì wọn kan, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi padà sí 50:1. Àwọn ahun èbúté gbọ́ ìlọ, wọn ò gbọ́ àbọ̀.

Mo mọ ohun tó sọ wọ́n di ahun. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan fò kọjá 480, kò sì dúró níbẹ̀. Ẹlẹ́ja ò fẹ́ gbọ́ pé owó ọkọ̀ lé. Ọlọ́kọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọ́ìlì ló rí tó lè dín. Ó dáa, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó kúrò ní 50:1 bọ́ sí 100:1 fi ìdámẹ́rin lítà pamọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì kan. Ìdámẹ́rin lítà! Písítìn, òrùka àti bíárì ló fi ṣe onídùúró fún un. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì láàárín ọ̀sà, tí òkùnkùn ń kùn bọ̀, ìdámẹ́rin lítà náà kò ní mọ̀ ọ́n wà délé.

Èrò inú ọkọ̀ ò tún jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ́ńjìnnì yìí máa ń rú èéfín díẹ̀ bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ní òwúrọ̀, gbogbo irú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan fi ìborùn bo imú, ó ní, "Bàbá ọlọ́kọ̀, tútù ni mo ra ẹja mi o. Ṣé ẹ máa gba owó ìyan rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jẹ mí lówó ọkọ̀ ọjọ́sí ló rẹ́rìn-ín jù.

Mo tún ní mo ti bọ́, àfi bí mẹkáníìkì mi ṣe ní, "Ọ̀gá, ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, ọ́ìlì mìíràn wà nísàlẹ̀. Jíà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ omi ní ọ́ìlì jíà tirẹ̀, SAE 90 tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì ojú omi. Bóòtù méjì ló wà lára ilé jíà náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú ti ìsàlẹ̀ la ti ń fún ọ́ìlì wọlé títí yóò fi yọ lókè, torí bí a bá dà á láti òkè, afẹ́fẹ́ yóò há sínú, a ó rò pé ó kún, kò sì kún. Bí ti àtijọ́ tí a tú jáde bá ti funfun, omi ti ráyè wọlé, ó yẹ kí a pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí i. Ti inú tèmi funfun. Mo pe mẹkáníìkì, mo ní kó wá wo omi nínú jíà mi. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí inú omi náà ló ń gbé?"

Mo gbé ẹjọ́ délé. Ìyá àwọn ọmọ tẹ́tí sí mi dé òpin, láti TC-W3 dé SAE 90. Mo ní ọpẹ́ ni, mo rí ẹni gbọ́ mi yé. Ó wá ní, "Bàbá wọn, ẹ mọ ìwọ̀n ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Ìwọ̀n òróró tí a fi ń dínran nínú ilé yìí, ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo jáde síta lọ gbatẹ́gùn.

Nítorí náà, mo ti ṣe òfin, ẹ bá mi kéde rẹ̀ dé ọjà Olúwo. Ẹni tó ń ta ọ́ìlì, kó jẹ́ kí n ka ohun tó wà lára ìgò kó tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ fún mi. Ẹni tó ń bínú sí èéfín, kó san owó ọkọ̀ rẹ̀ ná. Ẹni tó bá sì ní ìmọ̀ràn lórí ọ́ìlì, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan, lítà kan. TC-W3 ni kó jẹ́, kí àkọlé wà lára rẹ̀, kí èdìdì má tíì já. Ẹni tó bá gbé lítà tirẹ̀ dání, màá fún un níjòkòó, màá tẹ́tí sí i láti èbúté dé òdìkejì ọ̀sà. Bó bá wù ú, kó ní adín àgbọn ni kí n rọ sí i. Màá ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ọ̀rọ̀ àgbà ni," màá sì rọ lítà tó gbé wá.